Ọmọ Tí Ìbéèrè Líle Ń Dùn Mọ́

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe. Èmi ò ní jókòó. Àwọn ọmọ mi ra àga onítìmùtìmù fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, aṣọ ni mò ń sá lé e lórí. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ ti ń yún mi. Ìyá mi ní Ìpótì máa ń sọ pé bí àwọn bá rán mi lódò, n ó ti dé ọjà kí n tó rántí pé mo gbé ìkòkò dání. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí Ọlọ́run wá fún irú èmi yìí: kí n dúró sójú kan, kí n má mira, kí n má sọ̀rọ̀, kí n máa wo ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe é. Ó ṣì ń ya èmi gan-an lẹ́nu.

Ìdánwò òye ni iṣẹ́ mi. Kì í ṣe ìdánwò ohun tí olùkọ́ ti kọ́ ọmọ o. Èyí tí wọ́n fi ń wo bí orí ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni: àwòrán mẹ́rin, èwo ni kò bá àwọn yòókù mu, nọ́ńbà tó tò tẹ̀ lé ara wọn, èwo ló kàn, bí adìẹ bá ní ìyẹ́, kí ni ẹja ní. Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí gbogbo fáìlì ń lọ sí Àkúrẹ́, ọ́fíìsì kékeré kan wà ní Ìjerò tó ń bójú tó ìdánwò yìí láti Àrámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n, dé Odò-Ọwá, dé Ìjúrìn. Èèyàn mẹ́ta ni wá níbẹ̀: ọ̀gá mi, èmi, àti akọ̀wé tó ń tẹ̀wé. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà àti iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ, wọ́n ní kí n wá, mo lọ. Owó oṣù ò tó. Ta ni tirẹ̀ tó?

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, ará apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, wọ́n máa ń lo àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà wọn kì í sì í dún bí wọ́n bá ń rìn. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́, ojú ewé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí olùdánwò yóò kà fún àwọn ọmọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Kà á." Mo kà á. Mo rò pé mo kà á dáadáa.

"O rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tí o ti kí àwọn ọmọ," wọ́n ní. "Ẹ̀rín ò sí nínú ìwé."

"Ẹ má bínú, Sà. Kí ara lè tu àwọn ọmọ ni."

"Bí ara bá tu àwọn ọmọ Ẹ̀fọ̀n lónìí, tí orí wá ń fọ́ ọ ní Àrámọ̀kọ lọ́la, kí ni ká pe ìyẹn? Olè ni. O ti jí máàkì àwọn ọmọ Àrámọ̀kọ. Tún un kà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ka ojú ewé kan náà fún bẹ́ǹṣì òfìfo nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjerò. Ọ̀gá mi á jókòó lẹ́yìn, wọ́n á dijú, wọ́n á máa gbọ́ bóyá ohùn mi gòkè níbi tí kò yẹ. Aago kékeré kan wà lọ́wọ́ mi, èyí tí a ń tẹ̀ lórí kó máa sáré, tí a tún ń tẹ̀ kó dúró. Àwọn ará ìlú sọ mí ní Ìyá Aago nítorí rẹ̀, mi ò sì tíì bímọ kankan nígbà náà. Bí ọmọ bá bi mí ní ohunkóhun lẹ́yìn tí aago bá ti bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni mo gbọ́dọ̀ fi dá a lóhùn: "Tún ìbéèrè náà kà, kí o dáhùn bó bá ṣe yé ọ." Bí ọmọ ń sunkún, ohun tí n ó sọ nìyẹn. Bí òjò ń já bọ́ sórí tábìlì rẹ̀, ìyẹn náà ni.

Ẹsẹ̀ mi wá ńkọ́? Áà! Nígbà tí a ṣe ìdánwò gidi àkọ́kọ́ tán, ọ̀gá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mísì, ṣé ẹsẹ̀ ẹ náà ń ṣe ìdánwò ni? Ó ń lọ, ó ń bọ̀." Nígbà kejì, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fa òbìrípo sílẹ̀ lójú gbogbo ọmọ, wọ́n ní kí n dúró sínú rẹ̀. Odidi wákàtí kan. Ojú tì mí débi pé omijé ń dà lójú mi, mi ò sì lè gbé ọwọ́ sókè nù ún nítorí mímira ni. Mo kórìíra bàbá yẹn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n inú òbìrípo yẹn ni ojú mi ti là. Nígbà tí n ò lè rìn mọ́, kí ni mo tún lè ṣe ju kí n máa wo ojú àwọn ọmọ lọ?

Ohun tí mo rí rèé. Bí mo bá tẹ aago tí mo ní "Ẹ fi pẹ́ńsù sílẹ̀," àwọn ọmọ á pín sí méjì. Àwọn kan á mí kanlẹ̀, wọ́n á nà, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn kan ò ní fẹ́ fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù pé àwọn ò tíì parí. Mo mọ ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ojú ẹni tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mọ́ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan ní ilé, mo sì ń wo máàkì wọn lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ tí ríronú ń dùn mọ́ ni ìdánwò òye ń yọrí sí rere fún, àbí ọ̀tọ̀ ni ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo bi ọ̀gá mi.

"Òṣùwọ̀n kì í bi kòkó léèrè bóyá inú rẹ̀ dùn," wọ́n ní.

"Ọmọ kì í ṣe kòkó, Sà."

Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín wọn nìyẹn. Wọ́n ní kí n fi ojú ewé kan kún ẹ̀yìn ìdánwò, èyí tí a kò ní fún ní máàkì, kí n fi bi àwọn ọmọ léèrè. Mo kọ ọ́ pé, "Ṣé o fẹ́ràn láti máa ronú?" Ẹ gbà mí! Gbogbo ọmọ ló ní rárá. Ta ló máa fẹ́ràn ìrònú ní ilé wa? Opó ló ń ronú, ẹni tí ọjà rẹ̀ sọnù ló ń ronú. Ọmọ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Rárá o, Mà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Mo wá yí i padà: "Bí ìbéèrè bá le, ṣé ó máa ń dùn mọ́ ọ, àbí ó máa ń sú ọ?" Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ tó dáhùn gidi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ èsì rẹ̀, mi ò ní fi iyọ̀ kún un. Lápapọ̀, àwọn tí ìbéèrè líle ń dùn mọ́ máa ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Ọmọ awakọ̀ kan wà ní Ẹ̀fọ̀n tó máa ń ṣe ìdánwò bí ẹni ń pa ejò, tó máa parí, tó máa gbé orí lé tábìlì. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ó gbádùn rẹ̀. "Mo kórìíra ẹ̀, Mà. Mo kàn fẹ́ kó kúrò níwájú mi ni." Òun ló ní máàkì tó ga jù ní Ẹ̀fọ̀n lọ́dún náà! Mo sì rí àwọn ọmọ tí ìbéèrè dùn mọ́ débi pé wọ́n pẹ́ lórí ẹyọ kan, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì, aago sì ń lọ. Ìgbádùn ìrònú àti ìdánwò òye, ọbàkan ni wọ́n, wọn kì í ṣe iyèkan. Bàbá kan ló bí wọn, ṣùgbọ́n bí ilé bá dàrú, kálukú á gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Nígbà tó pẹ́, ọ̀gá mi ní kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbéèrè. Àwọn èyí tí a ń gbà láti òkè, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin àti yìnyín ló kún inú wọn. Ọmọ Ìjúrìn wo ló ti rí yìnyín lórí òrùlé rí? Mo kọ ti kòkó, mo kọ ti uṣu, bí àwa ṣe ń pe iṣu, mo kọ ti ọ̀nà tó gba Àrámọ̀kọ kọjá. Inú mi dùn, mo ń gbéra ga. Mo wá kọ èyí tó pa mí lára. Èdè Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà kan. Wọ́n ná an ní Mọ́ńdè. Ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa ná an? Mo fi márùn-ún kún Mọ́ńdè, Sátidé ni mo bá. Mo kọ Sátidé sínú ìwé ìdáhùn. Ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n buwọ́ lù ú, a fi ìda dì í.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Ẹ má tíì pariwo.

Ọdún yẹn, ìjọba ní ilé ìwé kan tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ti ń gbọ́ bùkátà ọmọ pátápátá, tí wọ́n fi ìdánwò òye yan ọmọ sínú rẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kan agbègbè Ìjerò. Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni a ti ṣe é. Ọ̀gá ilé ìwé kan kó ọmọ mẹ́rin wá láti Ìjúrìn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Aago, ẹ wo ọmọ tó wọ súwẹ́tà pupa yẹn. Àìná ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti lọ ilé ọkọ míì, ìyá àgbà ló kù tó ń tọ́ ọ. Bí kò bá rí àyè yìí, àǹtí rẹ̀ kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá mú un lọ gbé ọmọ fún òun. Ilé ìwé parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, orí tó wà lọ́rùn ọmọ yẹn, n ò tíì rí irú ẹ̀. Ó máa ń dá mi dúró lọ́nà oko láti bi mí ní ìbéèrè."

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé n ò lè ṣe nǹkan kan sí i."

"Mi ò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan. Mo kàn ní kí ẹ wò ó ni."

Mo wò ó. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí i bí ó ṣe ń bá ìdánwò náà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi dé ìbéèrè ọjà. Ó dúró. Ó ka nǹkan ní ìka ọwọ́, ó tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ yòókù ń ṣí ìwé, òun ń rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè kan. Ìṣẹ́jú ń lọ. Ọkàn mi ń pariwo pé, "Àìná, fi sílẹ̀, kọjá!" Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sókè.

"Mà, ṣé ọjà ulé wa ni àbí ọjà inú ùwé?"

Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gba ẹ̀rín lẹ́nu mi. Mo ní, "Tún ìbéèrè náà kà, kí o dáhùn bó bá ṣe yé ọ." Ó wò mí díẹ̀ bí ẹni tó retí nǹkan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sọ orí kalẹ̀. Nígbà tí mo tẹ aago, ó ku ìbéèrè mẹ́ta tí kò tíì fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn ìdánwò, èmi ni mo máa ń fún wọn ní máàkì. Irinṣẹ́ wa ni páálí oníhò, tí a lu sí ojú ìdáhùn tó tọ́: a ó gbé e lé orí ìwé ọmọ, ibi tí ihò bá ti fi pẹ́ńsù hàn, ó gbà á nìyẹn. Ọwọ́ mi yá nídìí rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní, mo ti máàkì ìwé bí ogójì kí n tó kíyè sí i pé ihò ìbéèrè ọjà ń ṣófo ṣáá. Ọmọ Ìjúrìn, Fúráìdé. Ọmọ Odò-Ọwá, Fúráìdé. Ọmọ Ìpótì, ìlú mi, Fúráìdé. Àwọn ọmọ olùkọ́ àti ọmọ akọ̀wé láàárín ìgboro nìkan ló ń kọ Sátidé. Mo gbé páálí sílẹ̀. Mo fi ìka kà á, bí Àìná ṣe kà á. Mọ́ńdè, ọ̀kan. Túsìdé, méjì. Wẹ́sìdé, mẹ́ta. Tọ́sìdé, mẹ́rin. Fúráìdé, márùn-ún, ọjà.

Yéè, mo gbé! Ọjà ọrọ́ọ̀rún! Èmi tí wọ́n bí sí Ìpótì, tí mo ru uṣu tẹ̀ lé ìyá mi lọ ọjà ọrọ́ọ̀rún títí tí àárín orí mi fi pá! Ta ni kò mọ̀ pé àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn? Ọmọ tí a bí ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọ́ lórúkọ, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni. Ìyá kankan kì í ṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sí tábìlì ọ́fíìsì, tí mo mú bírò, orí Ìpótì kọ́ ni mo fi kọ ìbéèrè yẹn. Àwọn ọmọ tí kò rò ó jìnnà, tí wọ́n kàn fi márùn-ún kún un, ni mo fún ní máàkì. Àwọn tó rántí ilé wọn ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo wo ìwé Àìná. Fúráìdé lòun náà mú. Ipò kejì ló wà, máàkì kan péré ló fi wà lẹ́yìn ọmọ tó ṣáájú, tí òun kọ Sátidé. Bí a bá fi Fúráìdé ṣe ìdáhùn, Àìná ló wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dákẹ́. Ìwé ìdáhùn tí a bá ti fi ìda dì, ẹnikẹ́ni kì í tú u. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn máa gbé mi sókè nínú iṣẹ́, ọ̀gá mi sì ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọ́n ń yangàn pé láti ìgbà tí àwọn ti dé Ìjerò, kò sí àṣìṣe kankan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn jáde. Mo sọ fún ara mi pé máàkì kan ni. Mo ń rìn yípo ọ́fíìsì, mo lọ sọ́jà, mo bọ̀, mo gun alùpùpù mi dé Àrámọ̀kọ láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ọjọ́ kejì kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi gbé orúkọ lọ sí Àkúrẹ́. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, mo gbé ìbéèrè ọjà náà síwájú wọn, mo ṣàlàyé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

"Ta ló kọ ìbéèrè yìí?" wọ́n ní.

"Èmi ni, Sà."

Wọ́n gbé ìwé náà sọ́wọ́, wọ́n ka ìka tiwọn náà. Ojú wọn yí padà. "Ata ni ìyá mi ń tà ní ọjà ọrọ́ọ̀rún," wọ́n ní. "Mo sì buwọ́ lù ú." Mo retí pé wọ́n á bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n tún bi mí: "Ìgbà wo lo rí i?" Mo sọ òótọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ní kí n wá.

Wákàtí yẹn náà la kọrí sí Àkúrẹ́. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ní ọ́fíìsì gbọ́ wa tán, ó ní ó mà ṣe o, ṣùgbọ́n àwọn ti ka orúkọ lórí rédíò lówùúrọ̀. "Bí a bá yí èsì padà lónìí, ta ló máa gba ìdánwò wa gbọ́ lọ́la?" Ọ̀gá mi, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè, kígbe mọ́ ọn. Kò sí ohun tó yí padà. Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n ní, "Ká ní o wá ní ọjọ́ kìíní, Mísì." Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ì bá sàn kí wọ́n máa sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Mo gun alùpùpù lọ sí Ìjúrìn lọ́jọ́ kejì. Ìyá àgbà ń tú kòkó ká lórí ẹní, Àìná ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kí n tó parí, Àìná ti fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Màmá! Mo sọ fún un yín! Mo ní ọ̀nà méjì ló wà! Mà, báwo ni àwọn ti inú ùwé ṣe ń kà á? Ṣé wọn kì í ka ọjọ́ àkọ́kọ́ ni? Kí ló dé tí wọn kì í kà á?"

Inú ọmọ náà dùn! Wọ́n gba ayé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn pé bí òun ṣe ro ìbéèrè náà tọ̀nà. Ìyá àgbà wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń sunkún sínú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Àìná wá bá mi gbé ní Ìjerò, kí n máa rán an lọ ilé ìwé.

"Ìwọ tóo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀," wọ́n ní, "ìwọ náà lo tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà ní Ìbàdàn. Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ gbóná."

Mo dìde.

Ẹ jẹ́ ká sáré. Lẹ́yìn tí ọ̀gá mi lọ, wọ́n fi mí sípò wọn. Òfin àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé ìbéèrè kankan ò ní jáde láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé e dé oko àti ọjà, kí àwọn ìyá ọlọ́jà àti àgbẹ̀ bá mi wò ó. Àwọn ènìyàn rò pé orí mi ti ń dàrú. Páálí oníhò kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ dé ní Àkúrẹ́ tó ń fúnra rẹ̀ ka ibi tí ọmọ fi pẹ́ńsù kùn. Ọgọ́rùn-ún ìwé kí ẹ tó mumi tán. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Èmi náà yọ̀, ọrùn mi sinmi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ká ní ẹ̀rọ yẹn ló máàkì ìwé Àìná, ẹnikẹ́ni kì bá rí ihò òfìfo tó tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà ní kí n yọ ojú ewé tí mo fi ń béèrè ohun tó ń dùn mọ́ ọmọ, nítorí ẹ̀rọ ò lè kà á. Mo bá wọn jà, wọ́n borí mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ní a ò sí lábẹ́ Oǹdó mọ́, Èkìtì ti dá dúró. Wọ́n kó fáìlì, mo fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó wá. Iṣẹ́ tó dára ni. Kó ṣáà mọ̀ pé ohun tí òun ń wọ̀n àti ohun tó wà nínú ọmọ, wọn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan. Bó bá sì rí àṣìṣe tirẹ̀, kó sáré sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ náà gan-an!

Mo ti fo ibì kan. Ẹ ti rí i pé mò ń fò ó, mò ń lọ mò ń bọ̀ nínú yàrá yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo lọ sí Ìjúrìn, mo gbọ́ pé àǹtí náà ti dé. Mo gun alùpùpù lọ sí gáréèjì Ìjerò lówùúrọ̀. Mo bá wọn nínú ọkọ̀, Àìná lẹ́bàá fèrèsé, súwẹ́tà pupa náà ló wọ̀, àpò kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. Mo ra búrẹ́dì fún un. Mo ní kó dárí jì mí. Ó gba búrẹ́dì, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà." Ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn, kò tilẹ̀ yé e ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún. Awakọ̀ ti ń tẹ fèrè. Ó wá yọ orí síta.

"Mà, ẹ fún mi ní òmíràn."

"Òmíràn kí ni? Búrẹ́dì?"

"Ìbéèrè ni, Mà. Èyí tó le gan-an. Kí n máa rò ó lọ lọ́nà."

Èmi tí mo ti kọ ìbéèrè kún àpótí méjì ní ọ́fíìsì! Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá a, mo wá a, orí mi ṣófo, ọmọ náà sì ń wò mí, ó ń dúró, ojú rẹ̀ ń tàn bí ó ṣe tàn nínú gbọ̀ngàn. Ọkọ̀ ṣí. Mo sáré tẹ̀ lé e díẹ̀, ọwọ́ mi lára ilẹ̀kùn, mo ń sọ pé, "Dúró, dúró, Àìná, ó ń bọ̀." Ọkọ̀ lọ.

Wọn ò tíì lè dé Àrámọ̀kọ tí ìbéèrè fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí mi lórí, ọ̀kan lé èkejì. Wọn ò sì tíì dá dúró títí di òní. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ìyá àgbà ti kú, mo ti béèrè Àìná ní Ìjúrìn títí, kò sí ẹni tó mọ àdúgbò tó ń gbé. Yóò ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá ìbéèrè líle ṣì ń dùn mọ́ ọn.